Ọrùn Ìgò Nínú Etí Látí: Iṣẹ́ Tí Mo Fi Ọwọ́ Mi Ṣe ní Àpápá

Inú etí tí mo ti wò pọ̀ ju inú ilé tí mo ti jẹun lọ, mo sì ti jẹun nílé púpọ̀. Bí ẹ bá bá mi dúró níwájú ilé mi ní Ajégúnlẹ̀ láàárọ̀, nígbà tí àwọn èèyàn bá ń lọ síbi iṣẹ́, mo lè máa fi àgbọ̀n tọ́ka sí wọn fún yín: etí ọ̀gbẹ́ni yẹn máa ń ṣọyún tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀; ti ìyá tó ń bọ̀ yẹn gbẹ bí ẹja yíyan; ti bàbá tó dé fìlà yẹn, èmi ni mo bá wọn là á. Múfù Elétí ni wọ́n ń pè mí láti Boundary títí dé Wọ́ọ̀fù. Ẹni tí kò bá mọ̀ mí níbẹ̀, àlejò ni.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ẹ̀kẹfà gan-an ò sì jinlẹ̀. Mo ń sọ ọ́ fún yín kí ẹ lè mọ̀ pé ẹni tó ń kọ èyí kì í ṣe dókítà, kò sì pe ara rẹ̀ ní dókítà rí. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò máa ń wá bá mi pé, "Bàbá Elétí, ṣé ká lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún fóònù ṣe ni, àbí ká lọ wa tírélà?" Èmi ò lè yan iṣẹ́ fún ọmọ ọlọ́mọ. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n tú tèmi kalẹ̀, kí ẹ wò ó, kí ẹ fi wé ohun tó wà lọ́wọ́ yín.

Bàbá mi ń já ẹrù ọkọ̀ ojú omi ní Wọ́ọ̀fù. Ó mọ ẹnìkan tó mọ ẹnìkan, bí mo ṣe dé ilé ìwòsàn etí kan lẹ́yìn Warehouse Road nìyẹn. Àwọn aṣojú kọ́sítọ́ọ̀mù ló wà nísàlẹ̀ ilé náà, àwa wà lókè. Wọ́n gbà mí kí n máa gbálẹ̀, kí n máa tan jẹnẹrétọ̀. Owó tí wọ́n ń san kò tó nǹkan, mo gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kúrò níbẹ̀.

Dókítà tó ni ilé ìwòsàn náà, obìnrin ni. Màdáámù ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Èèyàn kúkurú ni wọ́n, wọn kì í pariwo, ohùn wọn ò sì ga rí ní gbogbo ọdún tí mo fi bá wọn ṣiṣẹ́. Ìdí tí ẹ̀rù wọn fi ń bani nìyẹn. Ẹni tó ń pariwo, o máa mọ ìgbà tí inú ń bí i. Ti Màdáámù, àfi kí o máa ṣọ́ra ní gbogbo ìgbà.

Lọ́jọ́ kan, nọ́ọ̀sì tó máa ń di iná mú ò wá síbi iṣẹ́. Wọ́n gbé ọmọ kékeré kan wá tó ti ki ìlẹ̀kẹ̀ bọ etí. Màdáámù wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n rí èmi àti ìgbálẹ̀ mi. Wọ́n ní kí n wá di iná mú. Ọmọ náà ń ta gìrì, ìyá rẹ̀ ń sunkún, ṣùgbọ́n iná ò kúrò lójú ibi tí wọ́n ní kó wà. Nígbà tí ìlẹ̀kẹ̀ jáde, wọ́n yíjú sí mi.

"Ta ló kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń dúró báyẹn?"

"Ẹnìkankan ò kọ́ mi, Màdáámù. Bí Ọlọ́run ṣe dá mi ni."

"Ọlọ́run ò tíì parí," ni wọ́n wí. "Wá bá mi láàárọ̀ ọ̀la."

Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ẹnu nìkan ni wọ́n fi ń kọ́ iṣẹ́, ẹ gbọ́ o. Màdáámù ká páálí róbótó bí ihò etí, wọ́n fi pàúdà pa inú rẹ̀ kó funfun báláú, wọ́n sì ju ẹ̀wà kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n fún mi ní ẹ̀mú tín-ínrín kan, wọ́n ní kí n yọ ẹ̀wà náà láìfara kan páálí. Bí o bá fara kàn án báyìí, pàúdà á fi ọ́ hàn: ìlà dúdú á wà níbẹ̀. Wọn ò ní bá ọ wí. Wọ́n á kàn tún un pa ní pàúdà, wọ́n á sì gbé e padà síwájú rẹ. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, èmi àti ẹ̀wà la jọ ń wo ara wa. Ẹ̀wà tí a máa sè jẹ nílé gan-an, mi ò fẹ́ rí i mọ́. Nígbà tí mo wá yọ ọ́ tí ìlà ò sí lára pàúdà, mo gbé páálí náà ga bí ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ. Màdáámù wo inú rẹ̀, wọ́n ní ó dára. Wọ́n wá ká òmíràn tó fún ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Wọ́n ń bọ̀ wá ṣe èyí tó jù fún mi. Nínú iṣẹ́ wa, bí ihò etí bá há nítorí pé ó wú, a kì í fi agbára là á. A máa ń rẹ gọ́ọ̀sì tẹ́ẹ́rẹ́, aṣọ fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń di egbò, sínú oògùn dúdú kan tó ń rùn bí ọ̀dà, a ó fi ẹ̀sọ̀ kì í bọnú ihò náà. Òwú la ń pè é nílé ìwòsàn wa, torí ó rí bí òwú inú àtùpà. Oògùn yẹn á máa fa wíwú náà sílẹ̀, ihò á máa là díẹ̀díẹ̀, lọ́jọ́ tí a bá pààrọ̀ rẹ̀ a ó fi èyí tó tóbi díẹ̀ sí i. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yẹn, bóyá etí lòun náà ń tọ́jú. Nígbà tí ó tó àkókò kí n máa fi òwú sí etí èèyàn, Màdáámù ní kí n jókòó lórí àga aláìsàn. Wọ́n fi òwú sí etí èmi Múfù méjèèjì. Etí tí nǹkankan ò ṣe! Wọ́n ní kí n máa lọ sílé, kí n wá bá wọn lọ́jọ́ kejì.

Mo dé Ajégúnlẹ̀, ayé dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ìyá mi pè mí, mi ò gbọ́. Ìyá onílé pè mí, mi ò yíjú. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo agboolé ti ń sọ ọ́ pé nítorí mo ń bá dókítà ṣiṣẹ́ ní Àpápá, mi ò tún dá mẹ̀kúnnù lóhùn mọ́. Inú etí mi ń yún mi débi pé mo mú kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn, mo fẹ́ fi họ ọ́, mo tún gbé e sílẹ̀. Nígbà tí mo padà, Màdáámù yọ òwú náà, wọ́n béèrè bó ṣe ṣe mí. Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan kọ́kọ́rọ́.

"Rántí kọ́kọ́rọ́ yẹn," ni wọ́n wí. "Gbogbo ẹni tó bá kúrò lórí àga yìí ló máa wá kọ́kọ́rọ́ dé ilé. Kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n tó dìde."

Ti kíkọ sílẹ̀ wá kù. Èmi tí gẹ̀ẹ́sì mi ò ju kí n ka orúkọ lára ilé ìtajà lọ, báwo ni mo ṣe máa kọ nǹkan sí káàdì aláìsàn? Màdáámù ló wá ọgbọ́n rẹ̀. Wọ́n ní kí n máa ya òbìrìkìtì kan fún ẹnu ihò etí, kí n ya òmíràn sínú rẹ̀ fún àyè tó kù, kí n wá kọ ohun tó lè wọ̀ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: ẹ̀wà wọ̀ ọ́, ìrẹsì wọ̀ ọ́, igi ìṣáná wọ̀ ọ́, abẹ́rẹ́ nìkan ló wọ̀ ọ́. Kì í ṣe pé a ń ki ẹ̀wà bọ etí èèyàn o, ìwọ̀n ojú ni. Pẹ̀lú ìyẹn, bí aláìsàn bá padà lẹ́yìn oṣù mélòó kan, èmi, Màdáámù, àti nọ́ọ̀sì tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, gbogbo wa lè wò ó ká mọ̀ bóyá ó ń là tàbí ó ń dí. Òfin kan tún wà tí wọn ò fi ṣeré: bí o ò bá rí ìlù etí, awọ fẹ́lẹ́ tó wà lópin ihò, kọ ọ́ pé o ò rí i. Má kọ pé ó dára. Má kọ pé kò dára. Ohun tí o kò rí, sọ pé o kò rí i. Mo ti rí èèyàn tó kàwé rẹpẹtẹ tí ọ̀rọ̀ yẹn ń ṣòro fún lẹ́nu. Kò ṣòro fún èmi.

Nígbà tó yá, ọwọ́ mi wá dá ṣáṣá. Mo lè sọ ọ́ torí òótọ́ ni: kò sí ọwọ́ tó fẹ́lẹ́ ju tèmi lọ ní gbogbo Àpápá. Àwọn awakọ̀ tírélà láti ibùdókọ̀ Coconut ló pọ̀ jù nínú àwọn tí etí wọn ń há. Orí ìlà ni wọ́n ti ń dúró de ẹrù; orí ìdúró ni wọ́n ń sùn, orí ìdúró ni wọ́n ń jẹun, orí ìdúró náà ni wọ́n sì ń họ etí, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ìdérí báírò, ìyẹ́ adìẹ, ohun tí ọwọ́ wọn bá ṣáà ti tẹ̀. Awọ inú etí fẹ́lẹ́ ju awọ ẹyin lọ. Bí ẹ bá ń ha á, á bó, á wú, á ṣọyún, á jinná; ẹ tún padà wá ha á. Bó bá ti jinná lọ́pọ̀ ìgbà, àpá á bẹ̀rẹ̀ sí í ki, ihò á sì máa kéré. Àwọn kan wà tí wọ́n bí i mọ́, ṣùgbọ́n ti awakọ̀, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ń há a. Ọ̀kan nínú wọn, géńdé tó ga bí ọ̀pá iná, ń sunkún lórí àga, ó sì tún ń kánjú.

"Elétí, ṣé wàá tètè ṣe tán? Mo páàkì tírélà sójú títì."

Mo ní, "Tírélà ẹ ò lọ síbì kan. Etí ẹ ló ń lọ."

Ó rọra jókòó.

Nǹkan ìṣiṣẹ́ wa kò dúró sójú kan. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, àtùpà oníná kan la máa ń gbé sẹ́yìn èjìká aláìsàn, Màdáámù á wá de dígí róbótó kan mọ́ iwájú orí, iná á ti ara dígí náà wọnú etí. Bí wọ́n bá mú iná lọ, a ó dúró títí jẹnẹrétọ̀ á fi jẹ́. Lẹ́yìn náà ni tọ́ọ̀ṣì kékeré tó lẹ́nu ṣóńṣó dé, èyí tí wọ́n ń ti ẹnu rẹ̀ bọ etí díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀rọ ńlá tó ń sọ nǹkan kékeré di gbàǹgbà, tó lọ́rùn gígùn bí ẹyẹ lékeléke. Abẹ́rẹ́ onírin ńlá tí a fi ń fọn omi sí etí náà di ohun àná, ẹ̀rọ tó ń fa ọyún síta ló gba ipò rẹ̀. Èyí tó dé gbẹ̀yìn ni kámẹ́rà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìṣáná, tó ń gbé inú etí jáde sójú tẹlifíṣọ̀n. Mo kọ́ gbogbo wọn, mo sì tètè mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà yẹn ba ọlá mi jẹ́ díẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ohun tí mo bá sọ pé mo rí ni aláìsàn máa gbà. Nígbà tí kámẹ́rà dé, gbogbo wọn ń na ìka sí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń bá mi jiyàn lórí etí tí wọ́n gbé wá bá mi fúnra wọn.

Bí ẹ bá ń ro iṣẹ́ yìí sí ara yín, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ ariwo. Wọn ò ní gbé yín jó. Ojú á máa dùn yín, ẹ̀yìn á máa ro yín. Ẹ̀yìn yìí náà ló jẹ́ kí n fi í sílẹ̀ nígbà tí ọjọ́ orí mi ò tíì pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tètè rí òpin nǹkan, kó lọ ṣe iṣẹ́ míì. Mo lè tò ó fún yín báyìí títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní yé yín tó bí ọ̀rọ̀ Látí ṣe máa jẹ́ kó yé yín. Nígbà tí iṣẹ́ mi ń parí lọ ló ṣẹlẹ̀. Látí fúnra rẹ̀ ló fún mi láyè kí n kọ ọ́.

Látífù lorúkọ rẹ̀, Látí la ń pè é. Ẹ̀yìnkùlé wa ni ilé rẹ̀ wà. Iṣẹ́ bàbá mi lòun náà ń ṣe: inú ikùn ọkọ̀ ojú omi, níbi tí wọ́n ti ń já àlìkámà. Èéyi ti mú etí ọ̀tún rẹ̀ lọ láti kékeré, etí òsì nìkan ló fi ń gbọ́ràn. Inú ikùn ọkọ̀, ẹ ò lè rí ẹni tó wà lókè. Fèrè ló ń fọn. Bó bá fọn ún, kí oníkálukú kúrò lábẹ́ ìkọ́ krénì. Ẹni tí kò bá gbọ́ fèrè, ẹrù á sọ̀kalẹ̀ wá bá a. Ẹ rí i pé etí òsì yẹn ló ń bọ́ ọ, òun ló sì ń dá ẹ̀mí rẹ̀ sí.

Àṣà kan wà láàárín àwọn tó ń já àlìkámà. Eruku rẹ̀ máa ń wọ ibi gbogbo lára. Nítorí náà, wọ́n máa ń já fóòmù àga àwọn tírélà tó ti kú, wọ́n á ká a róbótó, wọ́n á fi dí etí. Ìyẹn fóòmù tó rọ̀ bíi tìmùtìmù. Bí ẹni tuntun bá wọ gáàngì, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tó jọ ń já ẹrù, àgbà inú gáàngì ló máa já nínú fóòmù tirẹ̀ fún un. Bí wọ́n ṣe ń kí i káàbọ̀ nìyẹn. Fèrè á ṣì máa wọlé torí ohùn rẹ̀ mú. Látí, nítorí pé etí kan ṣoṣo ló ní, òun ló máa ń dí i jù. Ó ń dáàbò bò ó. Ààbò náà ló fẹ́ pa á.

Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Èjìró, ló fà á wá. Apá Wárì ni obìnrin náà ti wá, aṣọ ló ń rán, ẹnu rẹ̀ sì yá ju ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ. Etí Látí ti wú, ó ń rùn, abẹ́rẹ́ nìkan ló lè wọ̀ ọ́. Màdáámù béèrè bóyá nǹkan wọ ibẹ̀. Ó ní rárá. Èmi, ọmọ Wọ́ọ̀fù, mo béèrè fóòmù lọ́wọ́ rẹ̀ ní tààrà. Ó ní òun máa ń yọ ọ́ tán ní gbogbo ìgbà tí òun bá jáde nínú ọkọ̀. Ó sì dá a lójú.

A fi òwú sí i, a ń pààrọ̀ rẹ̀. Wíwú náà lọ sílẹ̀, igi ìṣáná bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ràn díẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú lọ́hùn-ún, àpá ti yí ihò náà ká, ó fún un pọ̀ bí ọrùn ìgò. Ohun tó wà lẹ́yìn ọrùn yẹn, Màdáámù ò rí i, èmi ò rí i, kámẹ́rà ò rí i.

"Nǹkan wà lẹ́yìn ibẹ̀," ni Màdáámù wí. "Etí tó ti gbẹ kì í rùn."

Wọ́n ní kó lọ ya àwòrán orí, wọ́n ní ó ṣeé ṣe ká ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n sì kìlọ̀ fún un kó má dé inú ọkọ̀ rárá. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n lọ sí Ìbàdàn, ọmọ wọn obìnrin ń bímọ.

Ọkọ̀ àlìkámà wá gúnlẹ̀. Olórí gáàngì sọ fún Látí pé kó gba ìwé wá lọ́dọ̀ wa pé etí rẹ̀ ti dára, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹlòmíràn máa gba àyè rẹ̀. Ó wá bá mi.

"Bọ̀dá Múfù, ẹ bá mi kọ ọ́ pé ó ti dára."

"Ó ti sàn. Kò tíì dára."

"Ṣé mi ò gbọ́ yín báyìí ni?"

"O gbọ́ mi torí ohùn mi tó jẹnẹrétọ̀. Fèrè inú ọkọ̀ ńkọ́?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí. Ó ní àdúgbò kan náà ni wá, ó ní bàbá mi ló mú bàbá òun wọ gáàngì.

"Òótọ́ ni," mo wí. "Bàbá mi mú bàbá ẹ wọ gáàngì. Èmi ò ní mú ẹ wọ sàréè."

Mo kọ ohun tó wà níbẹ̀ fún un: igi ìṣáná wọ̀ ọ́, a ò rí ìlù etí. Ó wò ó, ó jù ú sórí tábìlì. Ó ní, ṣebí ilẹ̀ ni mò ń gbá nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo gbá a, ó sì mọ́. Ó jáde.

Coconut ló gbà lọ. Ọ̀gbẹ́ni kan wà níbẹ̀ tó ń fi àpò ta oògùn fún àwọn awakọ̀, tó sì ń fọ etí fún wọn lórí bẹ́ǹṣì. Ó da oògùn tó ń hó sí etí Látí, ó wá fi abẹ́rẹ́ ńlá fọn omi sí i pẹ̀lú gbogbo agbára. Omi náà gba ọrùn ìgò yẹn kọjá. Kò rọ́nà jáde.

Kò pẹ́ tí Ìyá Èjìró fi wá bá mi láàárọ̀ kùtù, abẹ́rẹ́ ìránṣọ ṣì wà lára búláòsì rẹ̀. "Bọ̀dá Múfù, I dey talk, e no dey hear. Mo pariwo, mo fi ìdérí ìkòkò lu ilẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, kò wẹ̀yìn." Mo tẹ̀ lé e. Látí jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀yìn etí rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bó bá dìde. Abẹ́rẹ́ gan-an ò wọ ihò náà mọ́. Etí méjèèjì ti lọ. Ó ń wo ẹnu wa, ó ń bínú pé a ò sọ̀rọ̀ sókè.

Mo pe Màdáámù. Wọ́n fi ọmọ titun sílẹ̀ ní Ìbàdàn, wọ́n dé lọ́jọ́ náà. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni wí. Wọ́n wo etí náà, wọ́n wo àwòrán orí tí a sáré yà, wọ́n ní àfi iṣẹ́ abẹ, kí ọyún náà tó wọ ibi tí ọwọ́ ò tó. Ó lè gbọ́ràn lẹ́yìn rẹ̀, ó lè má gbọ́ mọ́ láéláé. Wọn ò ní fọwọ́ kàn án láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ gbà, kó sì mọ ohun tó ń gbà.

Báwo ni ẹ ṣe máa sọ ìyẹn fún ẹni tí kò gbọ́, tí kò sì mọ̀wé kà? Ìyàwó rẹ̀ ń pariwo sí i, Látí ń mi orí. Ó rò pé wọ́n fẹ́ gé etí òun kúrò. Ó ti dìde, ó ń wá ilẹ̀kùn. Èmi ni mo dúró síwájú rẹ̀. Mo gbé ọwọ́ mi sókè bí bàbá mi ṣe máa ń gbé e fún awakọ̀ krénì: dúró. Ó dúró. Àmì ọwọ́ yẹn, gbogbo ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ní Wọ́ọ̀fù ló mọ̀ ọ́n. Mo tọ́ka sí etí rẹ̀, mo wá ṣe ti ìkọ́ tó ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo ṣe ti ẹrù tó há sínú ikùn ọkọ̀. Mo ṣe ti kí ìkọ́ gbé e, díẹ̀díẹ̀, kó máa bọ̀. Mo tún wá ṣe èyí tí wọn kì í fẹ́ ṣe níbẹ̀, ọwọ́ méjèèjì tó ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́: kò dájú pé ẹrù á dé òkè láìfọ́.

Látí wò mí. Ó wo Màdáámù. Ó wá gbé àtàǹpàkò rẹ̀ sókè, ó ń yí ìka rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń yí i. Ìyẹn ni pé, ẹ gbé e.

Mo dúró ti Màdáámù lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ náà, mo ń na irinṣẹ́ sí wọn kí wọ́n tó béèrè. Wọ́n gé àpá tó ká ihò náà, wọ́n fi ẹ̀rọ lọ eegun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀ kí àyè lè wà. Lẹ́yìn ọrùn ìgò yẹn, fóòmù ló wà níbẹ̀. Ó ti dúdú, ó ti mu omi yó, ó wú bí búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì. Ègé kan tẹ̀ lé ègé kan. Kì í ṣe ti ìgbà kan: lójoojúmọ́ tó ń fà á yọ, díẹ̀ ń já sẹ́yìn. Hóró àlìkámà kan wà nínú rẹ̀ tó ti yọ ẹ̀hù. Màdáámù gbé e sínú àwo, wọ́n ń bá iṣẹ́ lọ. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀, wọ́n rí ìlù etí. Ó pọ́n, ó nípọn, ṣùgbọ́n kò lu. Wọ́n bu awọ fẹ́lẹ́ lẹ́yìn etí, wọ́n tẹ́ ẹ sí ara ihò tuntun náà, wọ́n fi gọ́ọ̀sì dí i pinpin.

Ẹ má rò pé ó parí síbẹ̀. Ihò tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ là sí ara máa ń fẹ́ padà dí bí kànga tí a gbẹ́ sínú iyanrìn. Bí ó bá dí, àtúngbẹ́ rẹ̀ burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Iṣẹ́ tèmi wá dé: kí n máa pààrọ̀ ohun tó wà níbẹ̀, kí n máa fi rọ́bà rírọ̀ kan dá ihò náà dúró kó má pa dé, kí n máa yà á sí káàdì. Ní gbogbo àsìkò yẹn, etí náà wà ní dídí, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ìgbọ́ràn wà lábẹ́ rẹ̀. Olórí gáàngì ti gba ẹlòmíràn. Látí ò gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀. Ó máa ń gbé ọwọ́ lé àyà ọmọ náà bó bá ń sọ̀rọ̀.

Ìyá Èjìró ò dákẹ́ ní tirẹ̀. Níwájú Látí, ó ń sọ gbogbo ohun tó ti wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra: bó ṣe ń hanrun, bó ṣe ń kánjú, bó ṣe fi etí rẹ̀ fún ará Coconut. Bó bá ń wí i, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́ kí Látí lè rò pé ọ̀rọ̀ dáadáa ni. Látí á mi orí, á tún dúpẹ́. Mo bá a wí lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Bọ̀dá Múfù, ẹ fi mí sílẹ̀. Bí mi ò bá bú u, màá sunkún."

Ọjọ́ tí a máa yọ rọ́bà náà pátápátá wá pé. Màdáámù ní kí n yọ ọ́ fúnra mi. Mo yọ rọ́bà, mo yọ gọ́ọ̀sì tó kù lẹ́yìn rẹ̀, mo fi ẹ̀rọ fa inú rẹ̀ mọ́, mo ti kámẹ́rà bọ̀ ọ́. Ó là. Ó là gbayawu, ìlù etí ń dán lókèèrè lójú tẹlifíṣọ̀n. Mo yọ kámẹ́rà, mo pa ẹ̀rọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ tí Látí ò dáhùn, òun ló máa ti ilẹ̀kùn ìrètí wa, kò sì sí ẹni tó fẹ́ ṣe é. Màdáámù ń wo ilẹ̀. Èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́, mo ń nu ẹ̀mú tó ti mọ́. Látí ṣì ń wo tẹlifíṣọ̀n tí a ti pa.

Ìyá Èjìró ò lè fara dà á. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tirẹ̀ lábẹ́ ẹnu, bó ṣe máa ń sọ ọ́ nílé, pẹ̀lú ẹ̀rín yẹn lójú.

"Ẹ wo bó ṣe jókòó bí ọba. Goat wey dey our compound get sense pass am."

Ojú Látí ò kúrò lára tẹlifíṣọ̀n.

"Èwo nínú àwọn ewúrẹ́ náà?" ló wí.

Ìyá Èjìró fa ìborùn rẹ̀ bojú, ó jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, lórí ilẹ̀. Màdáámù na káàdì sí mi, wọ́n ní kí n kọ ìdáhùn rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gan-an. Mo kọ ọ́.